Ohun Tí Ó Gbé Fìtílà Dúró

Láti ọdún 1896 ni iná mànàmáná ti dé Èkó, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó gbé fìtílà dúró lókè orí wa.

Ní Pedro, ládùúgbò Ṣómólú òun Bàrígà, a ra fìtílà tuntun fún yàrá àlejò wa. Sìkúrù méjì tí ó bá a wá kò bá ihò àpótí kékeré tí ó wà nínú àjà mu. Ẹni tí ó wá so ó fi ìṣó méjì kàn án mọ́ páálí àjà. Oṣù mẹ́ta kò pé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwo gíláàsì náà já lulẹ̀ sórí àga tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó farapa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Fífi ohun kan rọ́pò òmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá mọ ohun tí à ń fi rọ́pò. Àwọn àgbà wí pé, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àpótí olóbìírípo irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba sìkúrù tí ó nípọn ní mìlímítà 4, ihò rẹ̀ méjèèjì sì jìnnà sí ara wọn ní mìlímítà 51. Sìkúrù tí ó bá fìtílà Amẹ́ríkà wá nípọn díẹ̀ jù ú lọ, ìlà tí ó yí i ká sì yàtọ̀. Bí a bá fi ipá lọ́ ọ wọlé, yóò ba ìlà inú àpótí jẹ́, kò sì ní di nǹkan mú mọ́. Èyí tí ó gùn jù lè gún wáyà. Ní ti ìṣó lásán, ìwúwo fìtílà yóò máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú sìkúrù àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò iná, kí wọ́n fi í wé tuntun. Bí ihò kò bá bára mu, ẹ ra irin ìdábùú tí ó ní ihò púpọ̀, kí ẹ fi í sí àárín àpótí àti fìtílà. Fìtílà tí ó wúwo, igi àjà gan-an ni kí a dè é mọ́. Bí ó bá jẹ́ onírin, kí a so wáyà aláwọ̀ ewé òun ìyeyè, èyí tí ó lọ sí ilẹ̀, mọ́ ọn lára, kí irin náà má baà pa ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ pa súwíìṣì ńlá tí ń ṣàkóso iná gbogbo ilé kí ẹ tó gun àkàbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́kàn lé e pé, “NEPA ti mú iná lọ.” Orúkọ yẹn ti kúrò nípò láti 2005, ṣùgbọ́n iná tí ó lọ ṣì ń padà dé láìkìlọ̀, pẹ̀lú agbára fóòtì 230.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ gbé ojú sókè nínú ilé yín lálẹ́ òní. Bí fìtílà kan bá tẹ̀, tàbí tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti àjà, kí ọmọ má ṣe jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi tún un ṣe.