Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ R'òde

Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ugbe-Àkókó bá ya òkè àpáta tí ó yí agbègbè rẹ̀ ká, tí ó sì fi àwọ̀ aró kùn ún, kí ni olùkọ́ rẹ̀ yóò ṣe? Ẹ̀rù ń bà wá pé púpọ̀ nínú wa ni yóò fi yíǹkì pupa fa ìlà lé e, tí a ó sì ní àpáta kì í ṣe aláró. Kí a tó fa ìlà náà, ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọ̀nà tí olóògbé Yusuf Grillo tọ̀.

Ìlú Èkó ni a bí Grillo sí ní ọdún 1934. Nígbà tí ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Zaria, ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ: kí a ya ènìyàn kí ó jọ ènìyàn. Grillo sì mọ̀ ọ́n yà dájú. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1958, pẹ̀lú Uche Okeke, Demas Nwoko àti Bruce Onobrakpeya. Wọn kò kọ ẹ̀kọ́ òyìnbó. Wọ́n ní kí a ṣa èyí tí ó dára nínú rẹ̀, kí a sì dà á pọ̀ mọ́ ọnà ilé wa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán Grillo bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ọrùn gùn, ara tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ àti ojú pín sí igun-igun bí àfọ́kù gíláàsì, àwọ̀ búlúù bí aró àdìrẹ sì gba ojú àwòrán. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ gèlè, yóò sì mọ onílù.

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí kò mọ àwòrán yà ni í sá sí irú ọnà báyìí. A kò gbà. Ẹ wo ère ìbejì: orí rẹ̀ tóbi ju bí orí ènìyàn ti rí lọ. Ṣé agbẹ́gilére kò mọ bí orí ti tó ni? Ó mọ̀, ọlá orí ni ó ń sọ. Ní 1906, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ya Ìyáàfin Spencer Savage bí ẹni pé yóò fọhùn, ó sì fi hàn pé ọwọ́ adúláwọ̀ lè ya ohun tí ojú rí. Ní 1907, ní ìlú Paris, Picasso ya àwọn obìnrin tí ojú wọn dà bí ère adúláwọ̀. Ohun tí tiwa ń sapá láti kọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń wá kiri, ìyẹ̀wù baba wa ni ó wà.

Grillo mọ èyí, ó sì fi kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yaba College of Technology kí ó tó dágbére fún ayé ní 2021.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ náà jáde kí ó wo òkè dáadáa, kí ó sì yà á bí ó ti rí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ìdí tí ó fi mú aró. Bí ó bá ní ìdáhùn, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Yíǹkì pupa kò ṣòro í fà. Ẹ̀bùn tí ó bá pa kì í tètè jí.