Yíyan Kámẹ́rà Aláfíìmù àti Lẹ́ǹsì Olójú Fífẹ̀ fún Àwòrán Wòlímọ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náháwù tí ẹ mọ̀ mí mọ́. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ó kàn wá.

Ní ọdún 1994, àwa mẹ́rìnlá la ṣe wòlímọ̀ Àlùkùránì lọ́jọ́ kan náà ní ilé-kéú kan níhìn-ín ní Ọ̀tà. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí bí a ṣe lè ya àwòrán níta. A wọ inú kíláàsì, a tò ní ìlà méjì, méje níwájú, méje lẹ́yìn. Fọtógíráfà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní kí a sún mọ́ra. A sún mọ́ra títí èémí ẹnì kan fi ń kan ọrùn ẹnì kejì. Ó ní ó ti tó. Nígbà tí àwòrán dé, àwọn tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlà kò pé nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló dúró lápá òsì pátápátá: èjìká rẹ̀ kan àti ọwọ́ tí ó fi di wàláà mú nìkan ló hàn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Ọlọ́hun gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò sí àwòrán rẹ̀ mìíràn. Ìyá rẹ̀ ṣì fi àwòrán náà kọ́ sára ògiri. Bí àlejò bá dé, wọ́n á nawọ́ sí ọwọ́ tí ó di wàláà mú yẹn, wọ́n á ní, “Ọmọ mi nìyí.”

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ pé fọtógíráfà yẹn kò mọṣẹ́. Ìgbà tí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í lo kámẹ́rà ni mo tó mọ̀ pé mo ṣì í wí. Lẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò gba yàrá náà.

Ṣé ó tọ́ kí a máa ya àwòrán?

Àwọn kan yóò kọ́kọ́ bi mí ní èyí. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí rẹ̀. Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti‘i, tí ó jẹ́ Mùfútì Íjíbítì láti 1914 sí 1920, kọ ìwé láti fi hàn pé fọ́tò tọ́, pé òjìji ohun tí Ọlọ́hun ti dá ni kámẹ́rà kàn mú dúró. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, àyàfi fún ohun tó pọn dandan bí ìwé ìrìnnà. Ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ kò gbà láyè, kí ó dúró síbẹ̀. Àwa tí a ti ń yà á lọ́dọọdún, ohun tó kù fún wa ni pé kí a yà á dáadáa.

Ilé òkùnkùn

Kámẹ́rà kì í ṣe àjèjì sí ọmọ kéú. Ibn al-Haytham, ẹni tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, kọ Kitab al-Manazir láàárín 1011 sí 1021. Ó to fìtílà mélòó kan síwájú ihò kékeré tó wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àyè tirẹ̀ lára ògiri. Bí ó bá bo fìtílà kan, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń kúrò. Ilé òkùnkùn yẹn náà ni kámẹ́rà: fíìmù dúró ní ipò ògiri, lẹ́ǹsì sì ni gíláàsì tí a fi sójú ihò.

Nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì

Lára lẹ́ǹsì a máa ń rí nọ́ńbà bíi 50mm, 35mm tàbí 28mm. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó. Ojú fíìmù tí a ń lò fẹ̀ ní mílímítà 36, ibẹ̀ ni ìṣirò wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ mú 36 lọ́nà iye mítà tó wà láàárín kámẹ́rà àti àwọn tí a fẹ́ yà, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà nọ́ńbà lẹ́ǹsì. Iye mítà tí yóò hàn láti ọ̀tún dé òsì ni ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká ní mítà 4 ni fọtógíráfà wa fi jìnnà sí wa lọ́jọ́ náà. 36 lọ́nà 4 jẹ́ 144. Ọmọ kan kò lè dúró kí ó má gba nǹkan bí ìdajì mítà, nítorí náà ọmọ méje nílò mítà 3 àbọ̀.

Lẹ́ǹsì 50 yóò rí mítà 2.88: ó di dandan kí ìpẹ̀kun méjèèjì gé.
Lẹ́ǹsì 35 yóò rí mítà 4.11: gbogbo wa wọlé.
Lẹ́ǹsì 28 yóò rí mítà 5.14: gbogbo wa wọlé, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì lè dúró lọ́tùn-ún lósì.
Lẹ́ǹsì 24 yóò rí mítà 6.

Lẹ́ǹsì 50 ló máa ń bá ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ wá láti ilé iṣẹ́, òun náà ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn fọtógíráfà wa. Bí owó yín bá tó ra ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó sì jẹ́ pé inú kíláàsì àti inú mọ́sálásí kékeré lẹ ti ń ya àwòrán, ẹ ra 28. Bí ẹ bá ní àgbàlá tó fẹ̀, 35 tó yín. Èyí tó kéré ju 28 lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò.

Àléébù rẹ̀

Lẹ́ǹsì olójú fífẹ̀ a máa na ẹni tó bá wà létí àwòrán. Nítorí náà ẹ má fi ẹni tó sanra sí ìpẹ̀kun, kí ó má baà bínú sí yín. Ẹ má fi í ya ojú ẹnì kan láti itòsí, imú onítọ̀hún á tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ẹ gbé kámẹ́rà dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá gbé ojú rẹ̀ sókè, ògiri mọ́sálásí á dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

Ó ní àǹfààní kan tó pọ̀. Níta, bí ẹ bá yí òrùka lẹ́ǹsì 28 sí 8, tí ẹ sì to ìjìnnà rẹ̀ sí mítà 3, ohun gbogbo láti bíi mítà 1.6 títí dé nǹkan bí mítà 30 ni yóò mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ lè lò ó. Nínú kíláàsì, ìmọ́lẹ̀ kì í tó: ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ lo fíìmù 400, ẹ sì gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí orí tábìlì.

Ara kámẹ́rà

Èyí tó rọrùn jù ló dára jù fún ilé-kéú. Ẹ wá èyí tí yóò ṣiṣẹ́ bí bátìrì rẹ̀ bá kú. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 sí 1997, bátìrì rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó fi abẹ́rẹ́ wọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yashica FX-3, tó jáde ní 1979. Zenit-E ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, kò tilẹ̀ lo bátìrì rárá, àmọ́ ó wúwo.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín kámẹ́rà tó rọrùn. J. D. ’Okhai Ojeikere, tí ó ní ilé àwòrán ní Ketu ní Èkó, kámẹ́rà Brownie D lásán ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, ó sì tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Ó kú ní 2014. Irun tí ẹnikẹ́ni kì í dì mọ́ lónìí, ó wà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹnu lẹ́ǹsì. Ti Zenit-E, wíwé ni wọ́n ń wé e wọlé bí ìdérí ìgò. Ti Pentax K1000, a óò kì í bọ inú, a óò yí i díẹ̀, á sì há. Yashica ní ẹnu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀kan kì í wọ òmíràn bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ara kámẹ́rà dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra lẹ́ǹsì.

Nídìí igbá tòkunbọ̀

Àwa tí a wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò jìnnà sí ọjà tòkunbọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Ẹ ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí kí owó tó jáde:

1. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí okùn aláǹtakùn tín-ín-rín, ó ti bu bí búrẹ́dì ni. Ẹ fi sílẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú rẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀.
2. Ẹ yí òrùka rẹ̀ méjèèjì. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ jò. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ gbọdọ̀ gbẹ. Bí òróró bá wà lára wọn, wọn kò ní yára padé.
3. Ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà láìsí fíìmù nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 1, lẹ́yìn náà ní èyí tó yára. Etí yóò gbọ́ ìyàtọ̀. Zenit-E kò ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Láti 1/30 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
4. Ẹ wo aṣọ dúdú tó ń ṣí tó ń padé. Bí ihò bíńtín bá wà lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò ba gbogbo àwòrán jẹ́.
5. Fóòmù etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń di ọ̀dà bí ó bá gbó. Èyí ṣeé pààrọ̀. Ẹ fi dín owó rẹ̀ kù.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ rántí pé eruku ilé iṣẹ́ Sàngó àti ọ̀rinrin òjò wa kò mọ olówó. Ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì fi àwọn àpò kékeré agbomi tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i.

Fíìmù àti ìtọ́jú rẹ̀

Ẹnìkan yóò ní, “Ààfáà, fóònù mi ń ya gbogbo èyí.” Òótọ́ ni. Fóònù dára, òun náà la fi ń ya èyí tó pọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí a kó àwòrán wòlímọ̀ ọdún méjì sí bọ́ sómi, a kò sì rí ọ̀kan yọ níbẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù 1994 ṣì wà. Fíìmù kan gba àwòrán 36, ó tó fún wòlímọ̀ kan.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò bá yín wẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ilé àwòrán ti fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀. Ti dúdú àti funfun ṣeé fọwọ́ ara ẹni wẹ̀. 20°C ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí omi rẹ̀ wà, omi kànga wa sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó lo yìnyín. Àgbà ni kí ó ṣe é, nítorí oògùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn. Ẹ tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù sínú àpò ìwé, níbi tó gbẹ, tí oòrùn kò dé. Kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ, láti ọ̀tún lọ sí òsì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Àwòrán tí kò ní orúkọ, bó bá pé 30 ọdún, àjèjì ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ óò di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ wòlímọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka orí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bí ẹnì kan kò bá pé, ẹ dúró, kí ẹ tún un tò. Ẹ kò mọ èyí tí ìyá rẹ̀ yóò máa wá.