Fáìlì Àtijọ́, Ẹ̀rọ Ìgbàlódé: Kí Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Má Bàa Sọnù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Jobele, Fìdítì, Ìlọrà àti agbègbè wọn: Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó gbogbo wa ni.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi owó ìpamọ́ àti ẹ̀yáwó sínú kọ̀ǹpútà. dBASE III jáde ní 1984. FoxPro náà dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1992, Microsoft ra ilé iṣẹ́ tó ṣe FoxPro, ó sì gbé Access tirẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé kan kì í ṣí ilé kejì. Láti oṣù kìn-ín-ní 2015 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Visual FoxPro. Access 2013 àti àwọn tó tẹ̀ lé e kì í sì í ṣí fáìlì Access 97 rárá.

Ẹ má sì rò pé bí fáìlì bá ti ṣí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ewu mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Èkíní: dBASE kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àmì ìràwọ̀ ló ń fi sí i, àkọsílẹ̀ náà á sì wà níbẹ̀ títí a ó fi pàṣẹ PACK. Bí ẹ̀rọ mìíràn kò bá ka àmì náà sí, ẹni tó ti gba owó rẹ̀ tó sì ti kúrò lẹ́gbẹ́ lè tún yọjú bí ẹni tí ẹgbẹ́ jẹ ní gbèsè.

Ẹ̀kejì: ọ̀rọ̀ gígùn tí a kọ sí ààyè mémò, bí orúkọ onídùúró, kò sí nínú fáìlì .dbf. Inú .dbt ló wà, tàbí .fpt ti FoxPro. Ẹni tó bá kó ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀, onídùúró ti bọ́ nìyẹn. Bí ayáwó bá wá sá lọ, ta la ó mú?

Ẹ̀kẹta: dBASE àtijọ́ kò mọ ẹ, ọ, ṣ. Òkè àti Ọ̀kẹ́ á di OKE kan náà. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ńbà náà sì ń fẹ́ ìṣọ́, torí bí a bá fi Excel ṣí fáìlì CSV, 007 lè di 7.

Kí wá ni ṣíṣe? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Fáìlì Access 97 lè gba inú Access 2007 tàbí 2010 kọjá, kí a tún un fi pamọ́ níbẹ̀, kí ti ìsinsìnyí tó ṣí i. LibreOffice, tí a kì í sanwó fún, ń ṣí .dbf. Ẹ̀dà ni kí a fi ṣiṣẹ́, kí ojúlówó wà níbi tó wà. Kí ẹnikẹ́ni má ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ kí iṣẹ́ tó parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ ká ka iye ọmọ ẹgbẹ́, ká ro àròpọ̀ owó ìpamọ́ àti ẹ̀yáwó, ká fi wé lẹ́jà oníwèé. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, a ò tíì dé ibi tí à ń lọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ pásíbúùkù yín nù. Bí kọ̀ǹpútà bá purọ́, òun ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.