Fóònù Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Ọ̀nà Kan Láti Kọ́ Ohùn Èdè Yorùbá

Ìfáárà
Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ló gbà pé bí a bá ti fi àkọsílẹ̀ wa ránṣẹ́ sórí WhatsApp, a ti fi ẹ̀rọ ìgbàlódé kọ́ni nìyẹn. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ àkọsílẹ̀ náà sórí, wọ́n sì dà á sílẹ̀ nínú ìdánwò, síbẹ̀ wọn kò lè fi àmì ohùn sórí gbólóhùn kan láìsí àṣìṣe. Ẹ̀rọ ti wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n olùkọ́ nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ kò wúlò nínú ìkọ́ni àfi bí ó bá gbé iṣẹ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ìṣòro Ohùn
Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Àwọn ló fi ìyàtọ̀ sáàárín igbá tí a fi ń bu omi, igba tó jẹ́ 200, ìgbà òjò, àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ Yorùbá ń pe àwọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa láìronú. Ìgbà tí yóò kọ wọ́n sílẹ̀ ni wàhálà dé. Ní ti ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè kejì fún, ó lè má tilẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀
Lákọ̀ọ́kọ́, a ó pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin. Fóònù kan tó fún ẹgbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù yóò pe àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù. Ẹ̀kẹta, wọn yóò gbọ́ ohùn ara wọn láìwo ìwé, kálukú yóò sì kọ àmì tí ó gbọ́. Níbi tí àmì wọn kò bá ti dọ́gba, wọn yóò tún un gbọ́, wọn yóò jiyàn títí wọn yóò fi fẹnu kò. Olùkọ́ yóò máa lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, yóò máa béèrè ìbéèrè, kò ní tètè dáhùn. Níkẹyìn, wọn yóò fi àtẹ Yorùbá inú Gboard tẹ gbólóhùn tiwọn.

Níbi tí kọ̀ǹpútà bá wà, Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó máa ń fi ìlà hàn bí ohùn ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ á wá ran etí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdíwọ́
Dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Ṣùgbọ́n gbígba ohùn sílẹ̀ kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹni tí kò ní fóònù má baà di òǹwòran, kí fóònù máa yí ká, kí ó má dúró sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìkádìí
Akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa lónìí ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àṣìṣe tí a kò bá bá a tún ṣe, àwọn ọmọ náà ni yóò jogún rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ Háúsá tàbí Ìgbò lè lo ìlànà yìí, nítorí èdè olóhùn ni àwọn náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: akẹ́kọ̀ọ́ mọ fóònù lò, àwa mọ ohùn. Ẹ jẹ́ kí a pa méjèèjì pọ̀.