Òjé, Oje àti Òjíṣẹ́-ara: Àbá Orúkọ fún Fífi Ewéko Kó Mẹ́táàlì Kúrò Nílẹ̀

Ní ilẹ̀ Òkun, àwọn ènìyàn ń wa wúrà ní agbègbè Ìsánlú, wọ́n sì ń wa tánganran àti tantaláìtì ní Ẹ̀gbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ará Kàbbà, Ìjùmú, Búnú àti Yàgbà fi ń jẹun. Ẹni tí ó bá sì walẹ̀ nítorí wúrà, kì í ṣe wúrà nìkan ni yóò wà jáde. Ní ọdún 2010, ní Dareta, Yargalma àti àwọn abúlé mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé ní òjé nínú. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Ńṣe ni wọ́n ha erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìsánlú. Ohun tí a ń wí ni pé ó yẹ kí àgbẹ̀ Yàgbà ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bèèrè nípa ilẹ̀ rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀.

Mẹ́táàlì kì í jẹrà bí ewé. Ṣùgbọ́n àwọn ewéko kan wà tí gbòǹgbò wọn ń fà á mọ́ omi, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sínú ewé. Bí a bá gé wọn, a ti kó díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Abẹ́òkúta, tẹ ìwádìí kan jáde lórí òdòdó-oòrùn àti jogbo, ewéko olódòdó yẹ́lò tí ó kún etí ọ̀nà wa, tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Tithonia diversifolia. Ewéko méjèèjì ni ó fa òjé àti síǹkì mu nínú ilẹ̀.

Kí ni kí á pe iṣẹ́ yìí? Ẹlòmíràn lè dábàá ìfewékofọlẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fọ̀ ti mọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ gbà lọ. Bí a bá ní a kó nǹkan, olùgbọ́ yóò bèèrè pé, níbo ni ẹ kó o sí? Ìbéèrè yẹn gan-an ni a fẹ́ kí ó bèèrè. Ìfewékokómẹ́táàlì ni a yàn. Ìhun rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òjé a máa ba gbòǹgbò jẹ́, ewéko kò sì ní lè dàgbà tó láti ṣiṣẹ́ náà. Níhìn-ín ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hormone ti wúlò. Starling ni ó mú orúkọ yìí wọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1905, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ títa nǹkan jí. A kò fara mọ́ oje ìdàgbà: nínú àpilẹ̀kọ tí ó ń sọ nípa òjé, bí atẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn (wọ́n sì máa ń gbàgbé), oje tí ó ń ran ewéko lọ́wọ́ àti òjé tí ó ń pa á yóò di ọ̀kan náà. Òjíṣẹ́-ara tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé apá kan ara ni ó ti máa ń wá, tí yóò sì lọ jíṣẹ́ ní apá mìíràn. Orúkọ òjíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí á yá: ọ́sìnì ń mú kí gbòǹgbò ya ẹ̀ka, saitokáínìnì ń mú kí ọ̀mùnú yọ, jibẹrẹ́lìnì ń mú kí igi ga. Bí gbòǹgbò bá pọ̀, ẹnu tí ó ń mu pọ̀. Bí ewé bá pọ̀, omi tí ó ń fà sókè pọ̀.

Ní 2005, àwọn olùwádìí ní El Paso, Amẹ́ríkà, fi ọ́sìnì àti EDTA, kẹ́míkà tí ó máa ń di òjé mú sínú omi, sínú omi tí alfalfa ń hù nínú rẹ̀. Òjé inú ewé rẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju ti èyí tí a fún ní EDTA nìkan. Omi ìdánwò ni ìyẹn. Lóko, òjò lè gbé òjé tí EDTA tú sílẹ̀ lọ sínú kànga. Òṣùwọ̀n náà tún gba ìṣọ́ra: 2,4-D tí àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ń fín sí koríko, ẹ̀yà ọ́sìnì àtọwọ́dá ni, àpọ̀jù rẹ̀ ni ó sì ń pa koríko.

Jogbo kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń gé ṣe ajílẹ̀, tí ewúrẹ́ sì ń jẹ. Nítorí náà èyí tí a gé lórí ilẹ̀ olójé gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀; ewé-ìkómẹ́táàlì ni a dábàá, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ́ ẹ sí ìdí iṣu tàbí kí ó sun ún ní gbangba. Ibi tí a ó kó o sí ni a kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. Ààtàn kò bá a mu, nítorí inú ààtàn ni àgbẹ̀ ti ń bu ilẹ̀dú lọ sóko. A ń retí àbá ẹ̀yin òǹkàwé.