Ìdábùú ojú irin

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti dá ojú irin kọjá.

Àpẹẹrẹ: Awakọ̀ náà dúró ní ìdábùú ojú irin títí rélùwéè fi kọjá.

Àlàyé ìlò: A kì í pe ibẹ̀ ní “oríta”. Ní oríta, ẹni méjì lè yà fún ara wọn. Rélùwéè kò lè yà, kò sì lè dúró lójijì. Awakọ̀ ni yóò dúró. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2023, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní PWD, Ìkẹjà. Ènìyàn mẹ́fà kú.

Fún atúmọ̀ èdè: “Ṣọ́ra” bá àmì tí ó wà lókèèrè mu, nítorí ẹni tí ó ń ṣọ́ra ṣì lè máa lọ. Létí ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń na àsíá pupa, “Dúró” ni kí a kọ. Ojú irin kò gba Ìdèrè kọjá. Awakọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá lè má mọ àsíá náà, ṣùgbọ́n “Dúró” yóò yé e.

Tún wo: ojú irin, dábùú, oríta.