Ìrora Ọmú Kò Ní Kí Abiyamọ Já Ọmọ Lẹ́nu Ọmú

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má ta etí were. Ṣùgbọ́n bí ọmú bá ń dun ìyá, ẹkún ọmọ tí ebi ń pa a máa bà á lẹ́rù, àwọn mìíràn a sì fi omi tàbí àgbo rọ́pò ọmú. Èyí kò tọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé omi ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọmú tí omi inú rẹ̀ kò bá jáde, ìrora rẹ̀ a máa pọ̀ sí i ni.

Bí ó bá jẹ́ orí ọmú nìkan ni ọmọ gbá mú, yóò bó, yóò sì di egbò. Kí ìyá dúró kí ọmọ la ẹnu gbàgà kí ó tó gbé e mọ́ ọmú, kí àgbọ̀n ọmọ kan ọmú, kí púpọ̀ nínú ibi dúdú tí ó yí orí ọmú ká sì wọ ẹnu rẹ̀. Kí ó fi omi ọmú díẹ̀ pa ojú egbò, kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Kí ó má ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Omi a tún máa kún ọmú jù, pàápàá láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìyá tí ó bá ti Agbabu, ní àgbègbè Odigbo, lọ sí oko láti òwúrọ̀ tí ó fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Kí ó gbé ọmọ dání, tàbí kí ó fi ọwọ́ mímọ́ fún omi ọmú náà sínú ife mímọ́. Ìgbà 8 sí 12 ni ọmọ tuntun ń mu ọmú láàrin wákàtí 24. Lẹ́yìn tí ó bá mu tán, aṣọ tí a rì sínú omi tútù tí a sì fi lé ọmú yóò dín wíwú kù. Kí a má ṣe fi agbára tẹ ọmú.

Bí ọmú bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ibà àti òtútù sì mú ìyá, kí ó máa fún ọmọ lọ́mú síbẹ̀. Omi ọmú náà kò ní pa ọmọ lára. Bí kò bá rọ̀ láàrin wákàtí 24, tàbí bí kókó bá ṣù sínú ọmú, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà tí kò dí ọmọ lọ́wọ́ láti mu ọmú. Bí ó bá di oówo, dókítà ni kí ó fa ọyún rẹ̀, kì í ṣe abẹ ilé.

Kí ọkọ àti àwọn àgbà ilé má ṣe sọ pé omi ọmú ìyá ti bàjẹ́. Kí wọ́n bá a gbé iṣẹ́ ilé, kí ó lè sinmi, kí ara rẹ̀ sì yá.